Owó bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ ní London àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gé kúrú: ẹ bá mi dá sí i

ỌmọÌbàdàn_SE15:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, máásítà ọlọ́dún kan ni mo wá ṣe, yàrá tí mo rí wà ní Peckham, iléèwé sì wà lápá Holborn. Ẹni tá a jọ ń gbé ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í san ju ìlàjì owó bọ́ọ̀sì lọ, pé kí n lọ gba káàdì, àmọ́ dẹ́rẹ́bà tí mo bi léèrè ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn, pé iye kan náà ni gbogbo èèyàn ń san. Èwo ló jóòótọ́ níbẹ̀? Ẹ tún wò ó, àbúrò bàbá mi tó gbé níbí nígbà kan sọ fún mi pé 171 máa gbé mi láti Peckham dé Holborn láìsọ̀kalẹ̀, mo wọ̀ ọ́, Elephant (Elephant and Castle) ló já gbogbo wa sí. Ṣé 171 méjì ló wà ni? Àbúrò mi obìnrin náà wà lọ́dọ̀ àǹtí wa ní Woolwich, ọmọ ọdún 17 ni, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń lọ, ṣé nǹkan wà fún òun náà? Ẹ dákun, náírà ni mo ṣì fi ń ṣírò gbogbo nǹkan, orí sì ń fọ́ mi.

ÌyáÌbejì_Peckham:
Káàbọ̀ ọmọ mi, ilẹ̀ yìí á gbà ẹ́ o. Kọ́kọ́ jáwọ́ nínú fífi náírà ṣírò, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ.

Dẹ́rẹ́bà yẹn ò parọ́. Owó bọ́ọ̀sì tí èèyàn ń san lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pọ́n-ùn 1.75 ni ní 2025, ìwọ tó o jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti lọ́yà tó jókòó tì ẹ́, iye kan náà lẹ máa san. Káàdì akẹ́kọ̀ọ́ wà lóòótọ́, 18+ Student Oyster photocard lorúkọ ẹ̀ (Oyster ni káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní London), ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlàjì, ìdá 30 nínú 100 ni, orí páàsì nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́: páàsì ọlọ́sẹ̀ kan, ti oṣù kan, tàbí èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà Travelcard (ti tíréènì àti bọ́ọ̀sì) tàbí Bus & Tram Pass. Bó o bá gba káàdì yẹn tó o kàn rọ owó sínú ẹ̀ tó o ń tap kiri (ìyẹn ni kó o fi káàdì kan ẹ̀rọ inú bọ́ọ̀sì), o ò rí ẹ̀dínwó kankan gbà lórí bọ́ọ̀sì, wọ́n kàn gba owó káàdì lọ́wọ́ ẹ lásán ni, owó ọ̀hún kì í sì í padà. Ibi táwọn ọmọ wa ti ń ṣubú rèé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sanwó, wọ́n á máa tap lọ, wọ́n á rò pé ẹ̀dínwó ń wọlé.

Ohun tó dáa tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni Hopper. Látìgbà tó o bá ti tap bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, gbogbo bọ́ọ̀sì tó o bá tún wọ̀ kí wákàtí kan tó pé, ọ̀fẹ́ ni. Bó o bá wọ mẹ́ta, owó ẹyọ kan ni. Àmọ́ káàdì kan náà ni kó o máa lò o, bó o bá fi fóònù tap àkọ́kọ́ tó o wá fi káàdì báńkì tap ìkejì, lójú ẹ̀rọ èèyàn méjì ni yín, wọ́n á gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́ọ̀sì ò ní kó o tap nígbà tó o bá ń bọ́ọ́lẹ̀ o, tíréènì nìkan ló ń béèrè ìyẹn.

OníṣiròElephant:
Màmá ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé ìṣirò lé e. Iye tí mo fẹ́ lò yìí ti 2025 ni o, oṣù kẹta ọdún ni wọ́n sábà máa ń yí owó ọkọ̀, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Páàsì bọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ kan fún àgbà, pọ́n-ùn 24.70. Yọ ìdá 30 kúrò, ó kù pọ́n-ùn 17 àti díẹ̀. Wá fi 1.75 pín in. Nǹkan bí owó bọ́ọ̀sì mẹ́wàá ni. Ìyẹn ni pé kí páàsì akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ èrè, o gbọ́dọ̀ máa sanwó bọ́ọ̀sì bíi mẹ́wàá lọ́sẹ̀, àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ márùn-ún gbáko. Mo ní owó bọ́ọ̀sì o, mi ò sọ bọ́ọ̀sì, torí bọ́ọ̀sì méjì nínú wákàtí kan, owó ẹyọ kan ni bí màmá ṣe wí.

Ọmọ máásítà wo ló ń lọ iléèwé lọ́jọ́ márùn-ún? Púpọ̀ nínú wa, ọjọ́ méjì mẹ́ta ni lẹ́kíṣọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àlọ àtàbọ̀, 6 × 1.75 = pọ́n-ùn 10.50. Fi ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Sunday kún un, 8 × 1.75 = pọ́n-ùn 14. Ó ṣì kéré sí ti páàsì. Ìgbà tó o bá rí iṣẹ́ tó o ń lọ fún ọjọ́ méjì ló máa di 12 × 1.75 = pọ́n-ùn 21, ibẹ̀ ni páàsì ti wá dáa. Kódà bó o bá fẹ́ máa sáré kiri London látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọn ò ní gbà ju pọ́n-ùn 5.25 lọ lórí bọ́ọ̀sì lójúmọ́, òté ti wà lórí ẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ náà ní òté tiẹ̀, Monday dé Sunday, pọ́n-ùn 24.70.

Ti oṣù kan ni páàsì ti máa ń dùn jù. Pọ́n-ùn 94.90 ni ti àgbà, ti akẹ́kọ̀ọ́ á wá sí nǹkan bíi 66. Bó o bá ti ń san owó bọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ déédéé, ó ti gbà á tán. Ẹ má kàn ra á lóṣù December kẹ́ ẹ wá lọ jókòó sílé fún ìsinmi, páàsì ò mọ ìsinmi, ọjọ́ ń lọ nínú ẹ̀ ni.

GbàMíNíLùùlù:
Oníṣirò o ṣé àmọ́ ẹ ń fi nǹkan le mọ́ ọmọlọ́mọ. Ṣe ló yẹ kó kàn ra páàsì kó simi. Èèyàn kì í mọ ìgbà tí ìrìn máa yọjú, ọjà lónìí, gígé irun lọ́la, ìkómọ lọ́jọ́ kẹta, tó o bá ní páàsì lọ́wọ́ o ò ní máa ronú sí i kó o tó jáde nílé. Ìfọ̀kànbalẹ̀ náà lówó tiẹ̀.

OníṣiròElephant:
Fún ẹni tó ti níṣẹ́, mo gbà. Fún ẹni tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, rárá. Kó fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tap ná, kó wo àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń yọ, TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ London, máa ń fi gbogbo ẹ̀ hàn ẹ́ bó o bá ti forúkọ káàdì sílẹ̀ lórí wọn. Ibẹ̀ ló ti máa rí irú ẹni tóun jẹ́. Ìkómọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìwọ ń lọ ni 😂

ÌyáÌbejì_Peckham:
Bó o bá fẹ́ gba káàdì akẹ́kọ̀ọ́ náà, ìlànà ẹ̀ rèé. O gbọ́dọ̀ ti pé 18, kí kọ́ọ̀sì ẹ jẹ́ èyí tí wọ́n gbà wọlé, kí iléèwé ẹ wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nínú ètò náà, kí ibùgbé ẹ lásìkò iléèwé sì wà nínú borough London (ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú London). Orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa ṣe é, wọ́n á béèrè nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ àti fọ́tò, iléèwé á wá fọwọ́ sí i láti ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibi ìfọwọ́sí yẹn ló máa ń pẹ́ nígbà tí sáà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé ló ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orúkọ ẹ lórí ìwé iléèwé bá yàtọ̀ sí èyí tó o kọ síbẹ̀, wọ́n á dá a padà. Àwa Yorùbá àti orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, kọ ọ́ bó ṣe wà ní iléèwé gẹ́lẹ́.

Ẹ̀gbọ́nDartford:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ ọ̀rọ̀ borough yẹn mọ́ ọn létí. Dartford tí mo wà yìí, Kent ni. Bọ́ọ̀sì pupa London ń dé ibí, 96 àti 492, Oyster sì ń ṣiṣẹ́ ní téṣàn wa, àmọ́ fún káàdì akẹ́kọ̀ọ́, ará ìta ni wá. Mo rí àwọn ọmọ tó sá wá síbí torí rẹ́ǹtì rọjú díẹ̀, wọn ò ṣírò owó tíréènì mọ́ ọn, tí wọ́n bá wá jókòó ṣírò ẹ̀ tán wọ́n á rí i pé yàrá Plumstead tí wọ́n ní ó wọ́n yẹn ló pọ́n wọn lé jù. Thamesmead, Abbey Wood, Erith, inú London ṣì ni gbogbo ìyẹn. Ẹ wo borough kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé ilé.

Dẹ́rẹ́bàAlẹ́:
Èmi ń wa bọ́ọ̀sì níbí, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti 171. Bọ̀ọ̀dá, àbúrò bàbá yín ò purọ́ fún yín, 171 ń dé Holborn nígbà tiwọn. 2019 ni wọ́n gé e, Elephant ló ti ń padà báyìí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gé 53 tó máa ń bọ̀ láti Plumstead dé Whitehall, County Hall lápá ibí odò ló ń dúró sí, tí àwọn èèyàn wa tó ń lọ tún ọ́fíìsì ṣe ní aago mẹ́rin àárọ̀ wá ń fẹsẹ̀ sọdá bíríìjì nínú òtútù. Tí mo bá rántí ìyẹn inú máa ń bí mi, torí àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin kì í ráyè jókòó kọ̀wé ẹ̀hónú.

Ẹ lọ báyìí: èyí tó bá kọ́kọ́ dé ní Peckham nínú 12, 63, 136, 171 tàbí 343, gbogbo wọn ló ń dé Elephant. Ní Elephant ẹ wọ 68 tàbí 188, méjèèjì ń gba Waterloo kọjá sí Holborn. Hopper máa ṣe é, owó ẹyọ kan náà ni. Kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún aago mẹ́jọ àárọ̀ nìkan, Walworth Road lè mú yín dúró tí wákàtí á fi fẹ́ẹ̀ pé lórí yín, ohun tí wákàtí náà sì ń wò ni ìgbà tẹ́ ẹ tap ìkẹyìn, kò kàn án bẹ́ ẹ bá ṣì jókòó nínú ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Lóru, N171 ṣì wà, ìyẹn ń gba Holborn dé Tottenham Court Road, ẹ fi sọ́kàn bẹ́ ẹ bá máa ń pẹ́ ní láíbúrì.

Tèmi lórí Hopper ni pé ó dáa lápò, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n fi ń gé bọ́ọ̀sì. Kí Hopper tó dé ní 2016, bí wọ́n bá gé ọ̀nà kan sí méjì, èrò á san lẹ́ẹ̀mejì, ariwo á pọ̀. Ní báyìí wọ́n á ní ẹ kàn yí bọ́ọ̀sì, owó ò lé. Owó ò lé lóòótọ́, ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi dúró nínú òjò ńkọ́, ìyá arúgbó tó ní orúnkún ńkọ́.

LasgidiṢìWà:
Mo ń ka èyí láti Ojúẹ̀lẹ́gbà mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ń ṣírò 1.75, kọ́ńdọ́ tiwa á ní "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o", kó o tó débẹ̀ òjò ti rọ̀, owó ti di ìlọ́po méjì. Tí ìjọba bá dínwó náà, ti gbogbo wa ni, bíi ìdá 50 tí wọ́n yọ lórí BRT lóṣù kẹjọ 2023 lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, danfo ò sì sí níbẹ̀. Cowry ni Oyster tiwa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tap nínú danfo.

ỌmọÌbàdàn_SE15:
Ẹ̀yin àgbà ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Dẹ́rẹ́bà sà, báwo wá lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yí bọ́ọ̀sì kó tó ṣẹlẹ̀? Torí bébà yẹ́lò kan wà lára bọ́ọ̀stọ́ọ̀bù wa, mo kà á mi ò lóye ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bàAlẹ́:
Bébà yẹn, ti onígbà díẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n pa bọ́ọ̀stọ́ọ̀bù tì, ẹ lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo déètì tó wà lórí ẹ̀, ìyẹn náà ló ṣe pàtàkì. Bẹ́ ẹ bá ní TfL Go lórí fóònù, ó máa fi hàn bí bọ́ọ̀sì bá ń yà gba ibòmíì. Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má bínú sí dẹ́rẹ́bà, bí wọ́n bá pè wá lórí rédíò pé ká já èrò sílẹ̀ ká yí padà torí bọ́ọ̀sì ti tò síra wọn, àwa kọ́ la pinnu ẹ̀. Kódà ilé iṣẹ́ tó gbà wá kọ́ ló ń yan ọ̀nà, kọ́ńtíráàtì ni wọ́n gbà, TfL ló ń yàn án.

Àyípadà tó máa wà títí yàtọ̀. Ìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aráàlú lórí ìkànnì tí wọ́n ń pè ní Have Your Say. Ẹ má rò pé eré ni. Ní 2022 wọ́n kọ orúkọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ láàárín London, 12 wà níbẹ̀, 45 wà níbẹ̀, 78 tó ń bọ̀ láti Nunhead wà níbẹ̀, torí àdéhùn owó tí wọ́n bá ìjọba àpapọ̀ ṣe lẹ́yìn korona ní kí ìrìn bọ́ọ̀sì dín kù. Àwọn èèyàn kọ̀wé, wọ́n pariwo, nígbà tó di November ọdún yẹn Sadiq Khan tó jẹ́ mayor London ní òun rí pọ́n-ùn mílíọ̀nù 25 lọ́dún, wọ́n wá dá púpọ̀ nínú wọn sí. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí 12 fi ṣì ń kọjá níwájú ilé yín. Àwọn tó lọ lọ ṣá, 507 àti 521 ò sí mọ́ látìgbà 2023, wọ́n fa 59 àti 133 gùn kí wọ́n lè dí àyè, wọ́n sì pa 168 pọ̀ mọ́ 1. Torí náà bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní nọ́ńbà bọ́ọ̀sì látorí ohun tó mọ̀ ní 2018, ẹ kí i dáadáa, ẹ wá lọ wò ó fúnra yín.

Tuntun náà wà o, kì í ṣe gígé nìkan. BL1 tí wọ́n ń pè ní Bakerloop bẹ̀rẹ̀ ní September 2025, Waterloo sí Lewisham, ó ń gba Elephant àti Old Kent Road, kì í dúró ní gbogbo bọ́ọ̀stọ́ọ̀bù. Owó ẹ̀ ò yàtọ̀. Ẹni tó bá ń gbé lápá New Cross á gbádùn ẹ̀.

ÀǹtíWoolwich:
Èmi ní èsì fún ti àbúrò ẹ. Ọmọ ọdún 17 tó ń gbé ní Woolwich, 16+ Zip Oyster ni tiẹ̀, bọ́ọ̀sì London lọ́fẹ̀ẹ́ ni, gbogbo ìgbà. Lórí tube (tíréènì abẹ́ ilẹ̀) àti tíréènì, owó ọmọdé ló máa san. Bó bá pé 18 tó ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ṣì lè gbà á, ẹ ka ìlànà ti ọdún yẹn. Láàárín ìwọ àti òun, òun lẹ̀dínwó gidi wà fún, ẹ má jẹ́ kó máa fi káàdì báńkì tap kiri. Àwọn kéékèèké náà ní tiwọn, láti 5 dé 10 ọ̀kan, 11 dé 15 ọ̀kan, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ṣe máásítà olókìkí yìí kò tún lè mú ọmọ wá mọ́ látìgbà January 2024, àfi àwọn oníwàádìí bíi PhD, nítorí náà mi ò ní gùn ún.

Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n lè gba Zip padà lọ́wọ́ ẹ̀ bó bá ń hùwà jàgídíjàgan nínú bọ́ọ̀sì.

Àwa tá a wà ní gúúsù odò ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n ṣí Silvertown Tunnel ní April 2025, SL4 àti 129 bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ odò kọjá, wọ́n sì ní wọn ò ní gbowó ìrékọjá náà fún ó kéré tán ọdún kan. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì wà kẹ́ ẹ tó gbára lé e. SL3 náà wà láti Thamesmead sí Bromley, òun náà kì í dúró gbogbo ibi.

AlájòỌ̀fẹ́:
Ẹ ń wàhálà. Ẹ gba Zip àbúrò yín lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa tap lọ. Ta ló ń wo fọ́tò láago méje àárọ̀.

ÀǹtíWoolwich:
Má kọ irú ẹ̀ síbí mọ́ jọ̀ọ́. Fáìnì ẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 100 látìgbà 2024, bó o bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21 ló ń di 50, káàdì ẹlòmíràn sì kọjá ọ̀rọ̀ fáìnì, wọ́n lè gbé e dé kóòtù, wọ́n á sì gba káàdì ọmọ yẹn. Ọmọ tó wà lórí vísà fẹ́ lọ kó ẹjọ́ jìbìtì sọ́rùn torí pọ́n-ùn kan àtààbọ̀. Àwọn olùyẹ̀wò máa ń wọlé lójijì ní Camberwell níbẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́, àwọn ló ń wo fọ́tò.

Dẹ́rẹ́bàAlẹ́:
Ẹ̀rọ wa náà máa ń dún yàtọ̀ bó bá jẹ́ Zip ni wọ́n tap, a sì ń rí irùngbọ̀n. Ẹ má dán an wò.

OníṣiròElephant:
Ẹnì kan fi ìkọ̀kọ̀ bi mí nípa Railcard, káàdì ẹ̀dínwó tíréènì, ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn. 16-25 Railcard, pọ́n-ùn 35 lọ́dún, kò kan bọ́ọ̀sì rárá. Tíréènì àti tube ló wà fún. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá 25 ẹ má jáwọ́ o, ẹni ọdún 26 sókè tó bá wà níléèwé ní kíkún lè gbà á. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ni pé bẹ́ ẹ bá rà á tán, ẹ mú un lọ bá òṣìṣẹ́ ní téṣàn tube, kí wọ́n so ó mọ́ Oyster yín, títí kan 18+ Student Oyster, ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa yọ kúrò lórí owó tube lásìkò tí èrò ò pọ̀. Aago 6:30 sí 9:30 àárọ̀ àti 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́, Monday dé Friday, kò ṣiṣẹ́. Wọn ò lè so ó mọ́ káàdì báńkì tàbí fóònù. Nítorí náà ẹni tó ń lọ lẹ́kíṣọ̀ aago 11, tó sì ń gba Overground ní Peckham Rye, èyí lè wúlò fún un ju 18+ lọ. Ẹni tó jẹ́ bọ́ọ̀sì nìkan, kó gbàgbé ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Peckham:
Kí n tún fi ìkìlọ̀ kan sí i. Ẹ máa gbọ́ pé ìlàjì owó bọ́ọ̀sì wà fún ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wà, Bus & Tram Discount, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba ni. Vísà akẹ́kọ̀ọ́ yín ti kọ ọ́ pé kẹ́ ẹ má gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ jìnnà sí i, kódà bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á bá yín ṣe é ní àdábọwọ́.

ỌmọAberdeen:
Ẹ̀yin London ẹ ń jìyà. Scotland níbí, ẹni tí kò tíì pé 22, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ káàkiri ilẹ̀ Scotland, látìgbà January 2022. Kò sí pé ọmọ ìlú wo lo jẹ́, bó o bá ti ń gbé níbí, o lè bèèrè National Entitlement Card. Àbúrò mi tó wá ṣe dìgírì àkọ́kọ́ láti Ọ̀ṣun, òun ló ń gun bọ́ọ̀sì lọ Edinburgh bó ṣe wù ú. Èmi tó ti lé 22, mò ń sanwó mi, inú mi kò dùn.

Mánísítà_M14:
Manchester náà ò burú. Látìgbà tí wọ́n ti gba bọ́ọ̀sì padà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, Bee Network, tó parí ní January 2025, bọ́ọ̀sì di aláwọ̀ yẹ́lò, pọ́n-ùn 2 ni owó àgbà ẹyọ kan ní 2025, ẹ sì lè yí bọ́ọ̀sì láàárín wákàtí kan. Ní ìlú míì ní England tí kò ní irú ètò yẹn, pọ́n-ùn 3 ni òté ẹ̀ látìgbà January 2025, 2 ló wà tẹ́lẹ̀. Mo ń sọ ọ́ torí àwọn tí kò tíì yan iléèwé ń ka ibí yìí. Owó bọ́ọ̀sì wà lára nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ wò.

ỌmọÌbàdàn_SE15:
Mo ti ṣe ìpinnu. Ọjọ́ Tuesday àti Thursday nìkan ni lẹ́kíṣọ̀ mi, mi ò tíì níṣẹ́, nítorí náà tap ni màá máa tap, káàdì kan ṣoṣo. Tí iṣẹ́ bá dé ni màá tún ìṣirò Bọ̀ọ̀dá Oníṣirò ṣe kí n tó bèèrè fún 18+. Mo ti fi ti Zip ránṣẹ́ sí àǹtí wa ní Woolwich (kì í ṣe ÀǹtíWoolwich tibí o), wọ́n ní káàdì báńkì tiwọn gan-an ni ọmọ yẹn ń tap látọjọ́ yìí, wọ́n pariwo. Èyí tó kù: ṣé káàdì báńkì náírà mi lè ṣe é?

OníṣiròElephant:
Bó bá ní àmì contactless, ó lè gbà á, àmọ́ báńkì tìẹ lè máa yọ owó ìṣẹ́-owó lójoojúmọ́. Ra Oyster lásán ní ṣọ́ọ̀bù títí wàá fi ṣí àkáǹtì níbí. Hopper àti òté ojúmọ́ wà lórí ẹ̀ náà.

Dẹ́rẹ́bàAlẹ́:
Má mú owó bébà tàbí owó ẹyọ wá o, a ò gbà á mọ́ látìgbà July 2014. Bí owó inú Oyster ẹ bá ti fẹ́ẹ̀ tán, tó ti kù díẹ̀ kó pé owó bọ́ọ̀sì kan, ó ṣì lè jẹ́ kó o gun bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn ìyẹn rọ owó sí i.

GbàMíNíLùùlù:
Ẹ̀yin ará ilé, kí a má gbàgbé, ṣé bọ́ọ̀sì máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì? Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe ìsìn.

Dẹ́rẹ́bàAlẹ́:
25 December, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí tube, kò sí tíréènì. Ẹ bá ẹni tó ní mọ́tò ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀ láti November.

ÌyáÌbejì_Peckham:
Mọ́tò tèmi, ìjókòó méjì ló kù. Ọmọ Ìbàdàn, ọ̀kan ti di tìẹ.